Àdá Ni Mo Sọ Pé Mo Fi Ṣán Ilẹ̀ Náà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ kò mọ̀ mí, n kò sì ní dárúkọ ara mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí èyí. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Mo rò pé á rà dànù níbẹ̀, kò rà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan wá kúnlẹ̀ sí pálọ̀ mi, ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, mo sì tún purọ́ fún un. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mú bírò.

Kí n má tàn yín, kì í ṣe ẹkún ni mo ń sun bí mo ṣe ń kọ ọ́. Inú ló ń bí mi. Inú ń bí mi sí ara mi, inú ń bí mi sí àwọn tó gbà mí gbọ́, inú ń bí mi sí orúkọ rere tí wọ́n fún mi.

Tíṣà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Abúlé kan lẹ́yìn Olódò ni mo ń gbé. Onítẹ̀bọmi ni èmi àti ọkọ mi tó ti dolóògbé. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ ará abúlé náà, àgbẹ̀ ni wọ́n, kò sì sí ìjà láàárín wa rí. Ọmọ wọn ni mo kọ́ ní A, B, D. Bí lẹ́tà bá dé láti ìjọba, èmi ni wọ́n ń gbé e wá fún kí n kà á. Bí tọkọtaya bá jà, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ gbọ́ ti Tíṣà."

Nígbà tí ọkọ mi kú, ó fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ fún mi lókè odò. Ọdún márùn-ún gbáko ni n kò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìbànújẹ́ ni mo kọ́kọ́ pè é, lẹ́yìn náà ó di ọ̀lẹ. Igbó bo gbogbo rẹ̀. Èèsún ga ju ènìyàn lọ, wèrèpè gun orí igi ọsàn ọkọ mi, ó sì so síbẹ̀ ṣìkìtì.

Ní ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, àbúrò ọkọ mi pè mí láti Ìbàdàn. Ó ní lọ́jọ́ kẹwàá òní, òun ń mú ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà bọ̀ wá wò ó. Mo ní ilẹ̀ wo? Ó ní, "Ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ ti pa tì. Ilẹ̀ tí ẹ ò lè ro, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa lò ó rí i lò." Ó sì gé fóònù mọ́ mi létí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin opó tó ń kà á, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Mo búra pé lọ́jọ́ tó bá dé, kò ní bá igbó níbẹ̀. Kò ní rí ohun tó máa fi ẹnu bà.

Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣán an? Ibi tí ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Iná ni ó yá jù. Ṣùgbọ́n oko kòkó àwọn ẹlòmíràn wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ọyẹ́ sì ń fẹ́. Baálẹ̀ ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá ṣáná sígbó nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò lábúlé nìyẹn. Mo gbé ọ̀rọ̀ katakata wò. Afárá pákó tó wà lórí odò kò lè gbé e, bó bá sì kọjá pàápàá, á hú igi ọsàn ọkọ mi pọ̀ mọ́ igbó. Ó wá ku àdá. Mo pe àwọn lébìrà. Wọ́n dé, wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí wèrèpè tó ti gbẹ lórí igi, wọ́n yí padà. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Mọ́mì, àwa náà ní awọ lára."

Ẹnìkan ṣoṣo ló gbà láti ṣe é. Sílífá ni.

Sílífá ni ìyàwó Lásísì. Ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Lásísì, ló ní ọgbà ẹ̀fọ́ tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ mi gan-an, létí odò. Ìyàwó tó gbójú ni Sílífá, a máa bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣán oko fún ènìyàn. Ó wá bá mi nílé, ó kúnlẹ̀ kí mi.

Ó ní, "Mọ́mì, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì lè bá yín ṣán an. Àárọ̀ kùtù la ó máa lọ, nígbà tí ìrì ṣì wà lára wèrèpè. Bó bá tutù, kì í gbọ̀n síni lára. Bí oòrùn bá ti yọ, a ó dáwọ́ dúró. Á tó ọjọ́ méjìlá."

Ọjọ́ méjìlá. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni mo ní, mo sì ti fi méjì nínú rẹ̀ wá lébìrà. Mo sọ fún un pé n kò lè dúró, pé kẹ́míkà ni mo máa fín sí i, èyí tó ń jó koríko láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, ẹ má ṣe é. Baálẹ̀ ti ní kí ẹnikẹ́ni má fín in létí odò. Ẹ̀yin lẹ wà lókè, àwa la wà nísàlẹ̀. Ohun tí ẹ bá dà síbẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀."

Òtítọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbéraga ènìyàn. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé mo na ọmọ yìí ní pàṣán ní pírámárì kẹta, nítorí kò mọ ìsọdipúpọ̀. Òun ló wá fẹ́ kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ yìí? Mo ní, "Mo ti gbọ́. Máa lọ." Mo sì fi ohùn tíṣà sọ ọ́.

Mo lọ sí Olódò, mo wá ọkùnrin kan tó ń fín kẹ́míkà. N kò sọ fún un pé wọ́n ka fífín rẹ̀ léèwọ̀ létí odò wa. Mo ní kó wá lọ́jọ́ Jímọ̀, ní ọ̀sán, nígbà tí àwọn ọkùnrin bá ti wà ní mọ́ṣáláṣí. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi wá àwáwí.

Ó gbé tánkì kọ́ ẹ̀yìn, ó fín in láti òkè dé ìsàlẹ̀. Atẹ́gùn ń gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ. Èmi dúró lábẹ́ agboòrùn mi, mo fi ìborùn bo imú. Nígbà tó parí, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí odò ti jìn díẹ̀, ibi tí Ìyá Lásísì ti máa ń pọn omi tí wọ́n fi ń bomi rin ẹ̀fọ́. Ó ti tánkì náà bọ omi. Ó fọ̀ ọ́. Ó da èyí tó kù sínú rẹ̀. Mo rí i tí omi náà hó funfun.

Mo lanu láti sọ̀rọ̀. N kò sọ̀rọ̀. Ìrun ti fẹ́ parí, mo fẹ́ kó tètè lọ. Nítorí ìyẹn nìkan. Bí mo bá ti ké sí i pé, "Dúró," gbogbo ohun tí mo ń kọ yìí kì bá tí ṣẹlẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Lásísì pọn omi náà, wọ́n fi rin ẹ̀fọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo gbọ́ ohùn wọn láti ilé mi, wọ́n ń kọrin. Ní ọjọ́ Sátidé wọ́n tún rin ín. Ní ọjọ́ Àìkú mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ka Bíbélì fún ìjọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbọ́ igbe. Mo sáré débẹ̀. Gbogbo ebè tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tí Ìyá Lásísì gbìn, tí wọ́n ń retí láti tà nínú oṣù ààwẹ̀, ló ti rọ bí ẹni da omi gbígbóná lé e lórí. Ẹja wẹ́wẹ́ léfòó sójú omi. Ìyá náà jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ gbé ewé kọ̀ọ̀kan wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. N kò jókòó tì wọ́n. Ilé ni mo sáré padà sí, mo wá àwọn aláàdá méjì láti abúlé kejì, mo sọ owó wọn di ìlọ́po méjì. Igbó ti jó tán, wèrèpè ti rọ, kò ṣòro fún wọn mọ́. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti bẹ́ apá ìsàlẹ̀ lulẹ̀, wọ́n ti kó o jọ. Gbogbo ẹni tó kọjá rí ọkùnrin méjì pẹ̀lú àdá lórí ilẹ̀ mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Baálẹ̀ pe gbogbo wa jọ sí gbàgede wọn. Òkú ẹja wà nínú abọ́ níwájú wọn. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ẹnìkan ló da nǹkan sínú omi. Ìyá Lásísì kò dúró kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n léèrè. Wọ́n nawọ́ sí Sílífá. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, àwọn méjèèjì ti jà nítorí ebè ọgbà náà: Sílífá ní kí wọ́n fún òun ní díẹ̀ kí òun náà máa gbin tòun, ìyá ọkọ rẹ̀ kọ̀, gbogbo agbo ilé sì gbọ́ ọ.

Sílífá ní, "N kò da nǹkan kan somi. Ẹ bi Mọ́mì Tíṣà ohun tí wọ́n fi pa igbó wọn. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ pé kẹ́míkà ni wọ́n fẹ́ fín."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Baálẹ̀ ní, "Tíṣà, ẹ gbọ́ ohun tó sọ."

Mo ní, "Àdá ni. Àwọn tó ṣán an ṣì wà lórí ilẹ̀ náà, ẹ lè lọ wò wọ́n."

Ó yẹ kí n dákẹ́ síbẹ̀. Irọ́ kan ì bá tó. Ṣùgbọ́n Sílífá ń wò mí, ojú rẹ̀ kò wálẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí pé wọ́n á gbà á gbọ́. Mo fi kún un. Mo ní, "Èmi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i lọ́jọ́ Jímọ̀ tó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ síbi omi yẹn."

Òótọ́ ni mo rí i. Omi mímu ló wá pọn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó tilẹ̀ kí mi. Òótọ́ kékeré yẹn ni mo fi bu iyọ̀ sí irọ́ mi.

Ariwo sọ. Sílífá ní kí wọ́n gbé Àlùkùránì wá. Wọ́n gbé e wá, ó ṣe àlùwàlá, ó búra. Wọ́n ní ọ̀dájú ni, pé ó láyà láti fi Kùránì purọ́. Ṣé ẹ rí ayé? Ẹni tó búra ni wọ́n pè ní òpùrọ́. Èmi tí n kò búra, kò sí ẹni tó ní kí n gbé Bíbélì. Baálẹ̀ kàn ní, "Tíṣà ló kọ́ gbogbo ọmọ wa. Kí ni Tíṣà fẹ́ fi irọ́ ṣe?"

Lásísì lé ìyàwó rẹ̀ jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó jẹ́ kó gbé ọmọ wọn tó ń mu ọmú lọ. Àkọ́bí wọn, Rùkáyà, ọmọ ọdún méjìlá, ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Sílífá gba iwájú ilé mi kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí. Kò bú mi. Ì bá bú mi. Ó kàn wo ilẹ̀kùn mi.

Ní ọjọ́ Sátidé, àbúrò ọkọ mi mú oníbàárà rẹ̀ dé. Ó bá ilẹ̀ tó mọ́ rekete. Kò rí ohun tó máa fi ẹnu bà, ó mú oníbàárà rẹ̀ padà lọ. Mo borí.

Mo gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Ẹ má retí kí n sọ fún yín pé ẹ̀gẹ́ náà rà, tàbí pé àìsàn gbé mi dè. Ẹ̀gẹ́ náà ta. Ara mi le. Ìjọ mi fi mí joyè lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ìyà kankan tó jẹ mí ní ọdún mẹ́sàn-án yìí, ìyẹn gan-an sì ló ń bí mi nínú. Gbogbo ìyà náà, orí ẹlòmíràn ló lọ.

Rùkáyà dàgbà sójú mi. Ó fẹ́ lọ ilé ọkọ báyìí, wọ́n ti mú ọjọ́ yìgì. Ìyá àgbà rẹ̀ ti ní bí Sílífá bá fẹsẹ̀ kan àgbàlá àwọn lọ́jọ́ náà, òun ò ní gbàdúrà fún ọmọ. Ọmọ yìí wá bá mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀.

Ó ní, "Mọ́mì Tíṣà, ẹ̀yin lẹ rí màmá mi lọ́jọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ lẹ rí wọn? Bí kò bá dá yín lójú, ẹ sọ fún mi, màá bá Màmá Àgbà sọ̀rọ̀."

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ níwájú mi gbayawu. Kò sí ẹlòmíràn nílé. Ó tilẹ̀ ti wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ fún mi: kò dá mi lójú. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré.

Mo ní, "Mo rí wọn, ọmọ mi."

Ó nu ojú. Ó ní, "Ẹ ṣé, Mọ́mì. Mo ti ń pè wọ́n lórí fóònù ní ìkọ̀kọ̀. N ò ní pè wọ́n mọ́."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin ènìyàn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi!

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta n kò lè jẹun mọ́. Mo lọ bá Ìyá Lásísì. Wọ́n ti darúgbó, orí ẹní ni wọ́n máa ń wà. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sọ ohun gbogbo fún wọn, láti orí kẹ́míkà dórí kẹ́ẹ̀gì. Mo rò pé wọ́n á gbá mi létí. Mo fẹ́ kí wọ́n gbá mi.

Wọ́n wá ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé òun ni."

Mo ní, "Màmá, òun kọ́. Èmi ni."

Wọ́n ní, "Bí kò bá jẹ́ òun, èmi ni mo wá fọ́ ilé ọmọ mi fún nǹkan tí kò sí nìyẹn. Mo ti dàgbà jù fún ìyẹn. Ẹ lọ sílé yín, ẹ má tún wí i mọ́." Wọ́n sì kọjú sí ògiri.

Mo jáde pẹ̀lú ìbínú tí n kò mọ orí ẹni tí màá sọ ọ́ lé. Ìgbà tí mò ń purọ́, gbogbo wọn péjọ láti gbọ́. Ìgbà tí mo mú òótọ́ wá, wọ́n kọjú sí ògiri.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wá Sílífá lọ sí Adégbàyí, níbi tó ń gbé báyìí. Wọ́n júwe ilẹ̀ kan fún mi tí ẹnìkan fẹ́ kọ́lé sí. Mo bá a níbẹ̀ nínú oòrùn pẹ̀lú àdá, ó ń ṣán an ní òun nìkan. Irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó dá mi mọ̀. Ó sì kúnlẹ̀ kí mi! Mo ní kó dìde, èmi ni mo kúnlẹ̀ sínú kùkùté koríko. Mo ní, "Sílífá, èmi ni mo fín in. Mo purọ́ mọ́ ọ."

Ó ní, "Mo mọ̀, Mọ́mì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀ lára ewé."

Mo ní kó dárí jì mí.

Ó nu àdá rẹ̀ lára aṣọ. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. "Kì í ṣe èmi lẹ purọ́ fún. Àwọn tí ẹ sọ irọ́ fún wà lábúlé, gbogbo wọn ṣì wà láàyè. Àwọn ni kí ẹ lọ sọ òótọ́ fún. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ tán, ẹ padà wá, ká wá sọ̀rọ̀ ìdáríjì." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣán koríko rẹ̀ lọ. Kò tún wo ẹ̀yìn.

Yìgì Rùkáyà ku ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti ránṣẹ́ sí Baálẹ̀ pé mo ní ọ̀rọ̀ láti bá abúlé sọ lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, kí wọ́n pe gbogbo ènìyàn jọ. Wọ́n bi mí ohun tó jẹ́, mo ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ mi ni. Nítorí náà, ẹ má dá ara yín láàmú láti ní kí n lọ jẹ́wọ́ fún abúlé. Ẹ má sì sọ pé kí n gbàdúrà. Mo ti ń gbàdúrà láti ọdún mẹ́sàn-án, àdúrà ni mo fi ń sápamọ́.

Ọmọ yẹn nìkan ni n kò mọ bí màá ṣe bá sọ̀rọ̀. N kò fẹ́ kó jẹ́ pé àárín èrò ló ti máa gbọ́ ọ. Mo fẹ́ sọ ọ́ sí i létí kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé. Mo ti jókòó tì í lẹ́ẹ̀mejì, mo ti lanu, ẹ̀bùn ìgbéyàwó tó fẹ́ kí n fún òun ni mo bi í. Kí ni ènìyàn máa ń kọ́kọ́ sọ fún ọmọ tó ti fi ọdún mẹ́sàn-án tijú ìyá rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni? Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́mọ, ẹ̀yin tí wọ́n ti purọ́ mọ́ ìyá yín rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní gbólóhùn àkọ́kọ́. Màá sọ ìyókù fúnra mi.